Bẹ́ ẹ ṣe lè bá àwọn kíríétọ̀ ṣe é pẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ọlọ́jà Èkó

Ẹ̀yin ọlọ́jà wa ní Balógun, Ìdúmọ̀tà, Yábà, Súrùlérè àti Ìkẹjà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta nǹkan láti inú yàrá yín lórí Instagram, ẹ kú ọjà o. Àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ ń bi wá jù nípa bẹ́ ẹ ṣe lè máa bá àwọn tó ń ṣe fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tá à ń pè ní kíríétọ̀, ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n á ṣe é kí wọ́n tó sá, òun la kó jọ síbí. Gbogbo ìdáhùn wa ò ju pé kẹ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá ṣe, kẹ́ ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, kó sì hàn sí òun náà pé ẹ wò ó.

Ṣé kì í ṣe owó làwọn èèyàn yìí ń fẹ́ ni? Kí la fẹ́ fi nóòtì àti ẹ̀bùn kékeré ṣe?

Owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń fẹ́ o, ká má tan ara wa jẹ. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń ra dátà, wọ́n ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń sanwó fún ẹni tó mú kámẹ́rà dání àti ẹni tó ń gé fídíò, torí náà tẹ́ ẹ bá jẹ wọ́n lówó tẹ́ ẹ wá fi kéèkì ránṣẹ́, inú á tún bí wọn sí i ni. Nínú gbogbo nǹkan kékeré tẹ́ ẹ lè ṣe, èyí tó lágbára jù ni kẹ́ ẹ san owó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá, kí alẹ́ẹ̀tì wọlé kó tó di pé wọ́n bèèrè. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń ní kí èèyàn dúró ọgbọ̀n ọjọ́, ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tó bá fi ìnífóìsì ránṣẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré lè fi ìyẹn ta wọ́n yọ, ẹ san àbọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ san ìyókù lọ́jọ́ tí fídíò bá jáde. Tí ọ̀rọ̀ owó bá ti dúró dáadáa, ìgbà yẹn ni àwọn nǹkan yòókù tá a máa sọ yìí máa tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Báwo ni mo ṣe máa kọ DM àkọ́kọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí mo máa fi ránṣẹ́ sí wọn ní ìkọ̀kọ̀ lórí Instagram, tí wọn ò fi ní kàn kà á kí wọ́n kọjá?

Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń pàdánù èèyàn. Ẹni tó bá ti ní fọ́lówà díẹ̀ ti rí DM tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn, tó jẹ́ orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀, nígbà míì wọn ò tiẹ̀ rántí pààrọ̀ orúkọ, orúkọ ẹlòmíì ló máa wà níbẹ̀. Tó bá rí irú ẹ̀, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jókòó kẹ́ ẹ wo fídíò ẹ̀ o, kì í ṣe èyí tó gbòde lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ẹ padà sẹ́yìn dé bí oṣù mélòó kan, kẹ́ ẹ ka ohun tóun náà kọ sábẹ́ ẹ̀ àti bó ṣe ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Ẹ wo Taaooma tó ń ṣe fídíò ẹ̀fẹ̀, òun náà ló ń ṣe ìyá, òun náà ló ń ṣe ọmọ, tí ẹnì kan bá wá kọ̀wé sí irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé òun fẹ́ràn bí òun àti màmá ẹ̀ ṣe jọ ń ṣeré, ọ̀rọ̀ ti parí, ó ti mọ̀ pé ẹ ò wo nǹkan kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dárúkọ ibi kan pàtó nínú fídíò, ibi tó ti yí ohùn padà, ibi tó ti fi ojú sọ ohun tí ẹnu ò sọ, á mọ̀ pé ẹ jókòó tì í.

Orúkọ náà ńkọ́? Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹ kọ ọ́ bí òun fúnra ẹ̀ ṣe ń kọ ọ́, tó bá fi àmì sí i, ẹ fi àmì sí i, tó bá jẹ́ orúkọ iṣẹ́ ló ń lò níta, ẹ má lọ hú orúkọ ilé ẹ̀ jáde láti ibi kan kẹ́ ẹ máa fi pè é.

Ẹ lè kọ nǹkan báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń ta lọ́fínńdà ní Yábà. Mo wo fídíò yín tí ọkọ̀ ti bàjẹ́ lórí Third Mainland, ibi tẹ́ ẹ ti dákẹ́ tẹ́ ẹ kàn ń wo omi yẹn, mo tún un wò ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe fídíò kan lóṣù tó ń bọ̀, mo ní owó sílẹ̀ fún un, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ iye yín fún mi." Kò gùn, ẹ kí i, ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ sì ti sọ̀rọ̀ owó kó tó di pé ojú ń tì í láti bèèrè.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni kíríétọ̀ tí mo fẹ́ bá ṣe, mo lè bí i. Ṣé kí n máa pè é ní "ẹ" ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, níbẹ̀rẹ̀. A mọ̀ pé ó máa ń ṣòro fún àwọn àgbà ọjà, pàápàá àwọn ìyá wa ní Balógun tó jẹ́ pé gbogbo ọmọdé tó bá wọlé "ọmọ mi" ni, ìfẹ́ ló sì wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lẹ fẹ́ bá a sọ, tẹ́ ẹ bá ti "ìwọ" látìbẹ̀rẹ̀, ó lè máa rò ó pé ẹ fẹ́ fi ọjọ́ orí gba iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ òun, ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti bá ẹni tó lè bí i ná owó, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é ní "ẹ" títí tí òun fúnra ẹ̀ á fi sọ pé "mọ́mì, ẹ má pè mí ní ẹ mọ́". Ọjọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ti di ẹbí nìyẹn, ẹ lè wá máa ṣàdúrà fún un, ẹ lè bèèrè pé ṣé ó ti jẹun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, tí kíríétọ̀ bá jù yín lọ, kò burú kẹ́ ẹ pè é ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo bí àwọn tó sún mọ́ ọn ṣe ń pè é. Àwọn obìnrin kan wà tí wọn ò fẹ́ "àǹtí" rárá níbi iṣẹ́, ẹ bi wọ́n, kò ní ba nǹkan kan jẹ́.

Irú ẹ̀bùn wo ló dáa ká fi ránṣẹ́?

Ọjà tiyín náà ni, tó bá jẹ́ pé ẹ ṣà á fún ẹni náà. Ẹni tó ń ta léèsì lè wo fídíò kó rí i pé àwọ̀ ewé ni ọmọbìnrin yìí máa ń wọ̀ ṣáá, kó wá gé àwọ̀ ewé ránṣẹ́ dípò èyí tí kò tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn gan-an lẹ̀ṣẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, kí wọ́n máa fi ọjà tó ń kú lọ ṣe ẹ̀bùn, àwọn kíríétọ̀ mọ̀ ọ́n o, wọ́n ń rí i lára pépà tó ti pọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń ta lọ́fínńdà, ẹ bèèrè bóyá òórùn tó le máa ń dà á láàmú, àwọn míì ní ásímà. Tó bá jẹ́ oúnjẹ, ẹ bèèrè ohun tí ara ẹ̀ kì í gbà. Tó bá jẹ́ aṣọ rírán, ẹ gba ìwọ̀n, ẹ má méfò.

Ẹ má sì fi lógò bo ẹ̀bùn mọ́lẹ̀. T-shirt tí orúkọ ilé iṣẹ́ yín gba gbogbo àyà ẹ̀, ìpolówó yín lẹ fún un wọ̀ yẹn. Ẹ kọ orúkọ tiẹ̀ sí nǹkan náà, kékeré, níbi tó máa rí i.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn: tẹ́ ẹ bá pè é ní ẹ̀bùn, kó jẹ́ ẹ̀bùn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé kó wá di Ọjọ́bọ̀ kẹ́ ẹ máa bèèrè "ṣé ẹ ò tíì pósítì í ni?" Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pósítì, ẹ sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ẹ dá owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, ẹ kọ ọ́ sínú nóòtì pé wọn ò jẹ yín ní nǹkan kan, kí ọkàn wọn balẹ̀ láti lò ó.

Dispatch ńkọ́?

Ẹ̀yin lẹ máa san án, pátápátá. Kí ẹni tẹ́ ẹ fún ní nǹkan wá máa wá owó tó máa fún dispatch láti Ìkẹjà dé Lẹ́kìí, ìyẹn ò bójú mu. Ẹ sọ ọjọ́ àti àsìkò tó ń bọ̀ fún un, kí dispatch pè é kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, torí àwọn ẹ̀stéètì kan wà tí wọn ò ní jẹ́ kó wọlé láìsí kóòdù.

Ṣé dandan ni ká fi ọwọ́ kọ nóòtì?

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìlà mẹ́ta tó, bírò lásán tó, kó jẹ́ ẹni tó ni ọjà ló kọ ọ́. Tí Yorùbá bá jẹ́ èdè tí kíríétọ̀ fi ń ṣe fídíò, ẹ fi Yorùbá kọ ọ́ sí i.

Ọjọ́ ìbí, ìkómọ, ọdún, ṣé kí n máa rántí gbogbo ìyẹn?

Kò sí ohun táwa Yorùbá kì í kí èèyàn fún. Ẹni tó rìnrìn àjò dé, ẹni tó ń náwó, ẹni tí ọmọ ẹ̀ ṣe ìdánwò tó yege, ẹni tó ń ṣàìsùn, gbogbo wọn ló ní kíkí tiwọn, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ ní ìwé kékeré kan, tàbí ibì kan nínú fóònù, tẹ́ ẹ ń kọ nǹkan tí kíríétọ̀ bá fẹnu ara ẹ̀ sọ fún yín sí: pé ìyá ẹ̀ fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún, pé òun ń kó kúrò ní Agége lọ Ìkòròdú, pé kámẹ́rà òun bàjẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ wá bèèrè pé "ẹ kú ìnáwó o, báwo ni ayẹyẹ mọ́mì ṣe lọ?" ọ̀rọ̀ yẹn á pẹ́ lọ́kàn ẹ̀ ju ọ̀rá tó kún fún ọjà lọ.

Ọ̀rọ̀ ọdún, ẹ mọ èyí tó ń ṣe. Èkó ni a wà, ilé kan náà lè ní Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, orúkọ nìkan ò lè sọ fún yín. Tó bá ń gba ààwẹ̀ Ramadan, ẹ má dá ìpàdé oúnjẹ ọ̀sán, ẹ má fi yíya fídíò oúnjẹ há a mọ́ ọ̀sán gangan, kí oúnjẹ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ dé kó tó di àsìkò ìṣínu.

Tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ má ṣe kọ "ẹ kú ara fẹ́ra kù" kẹ́ ẹ wá bèèrè fídíò nínú ìlà tó tẹ̀ lé e. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti sún ọjọ́ síwájú, pé kó má ronú iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ṣé kò sí ewu nínú kíkọ nǹkan wọn pamọ́ báyìí?

Ó wà tẹ́ ẹ bá ṣe é ṣákálá. Àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí èèyàn, òfin tó ń dáàbò bo irú nǹkan wọ̀nyí ti wà, Nigeria Data Protection Act ti 2023. Ẹ gba kìkì èyí tẹ́ ẹ nílò, ẹ má jẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù rí i, ẹ má sì ya fọ́tò páálí tí àdírẹ́sì wà lára ẹ̀ sórí status. Àwọn obìnrin tó ń ṣe fídíò, àwọn èèyàn máa ń tọpa wọn délé, kì í ṣe eré. Ẹ má lọ sílé ẹnikẹ́ni láìpè, kódà tó bá jẹ́ pé ẹ̀bùn ló wà lọ́wọ́ yín. Tó bá fẹ́ kẹ́ ẹ kó o sí ófíìsì tàbí ọ̀dọ̀ máníjà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó o sí.

Mo fẹ́ pè wọ́n wá sí ófíìsì wa ní Victoria Island ká lè mọ ara wa. Ṣé ó dáa?

Kí lẹ fẹ́ sọ tí fóònù ò lè gbé? Afárá Third Mainland nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, gbogbo wa la sì mọ bó ṣe ń rí níbẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Ìpájà tẹ́ ẹ bá pè fún ìpàdé ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ iṣẹ́ odindi lẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ bá a lápá ọ̀dọ̀ ẹ̀, níbi tí èrò wà tó máa rọ òun náà lọ́rùn. Tó bá sì pọn dandan kó wá, ẹ san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ kó tó kúrò nílé.

Dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́, ṣé a lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀bùn?

Tó bá jẹ́ nítorí iṣẹ́ yín ló fi ná an, owó iṣẹ́ ni, ẹ fi kún iye tẹ́ ẹ dá. Tí ẹ ò bá ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ kàn rí i tó kọ ọ́ pé iná ò sí láti àná, tẹ́ ẹ wá fi dátà tàbí owó epo ránṣẹ́, ẹ̀bùn nìyẹn, ó sì dùn gan.

Brief wa, ìyẹn ìwé tá a fi ń sọ bá a ṣe fẹ́ kí fídíò rí, gùn. Ṣé ìyẹn náà wà lára nǹkan tó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́?

Ó wà níbẹ̀ o! Ẹ ti rí ẹni náà tó ń fi Yorùbá Èkó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ìyẹn lẹ torí ẹ̀ lọ bá a, ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tó ń wò ó á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe ohùn ẹ̀. Ẹ sọ nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, iye ọjà, ibi tí wọ́n ti lè rà á, nǹkan tí kò gbọ́dọ̀ sọ, kẹ́ ẹ wá bi í pé "ẹ̀yin, báwo lẹ ṣe rò pé àwọn èèyàn yín máa fẹ́ gbọ́ ọ?" Ìbéèrè yẹn fúnra ẹ̀ jẹ́ ọ̀wọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá a sọ̀rọ̀. Kó má jẹ́ pé ọ̀gá sọ pé ó dáa, ìyàwó ọ̀gá sọ pé kó yí i, àbúrò ọ̀gá tún ní kó padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kó àtúnṣe yín jọ kẹ́ ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Fóìsì nóòtì oníṣẹ́jú méje ní aago méjìlá òru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró di àárọ̀.

Fídíò ti jáde, mo ti sanwó. Kí ló kù?

Ibi tó kù yìí, ọ̀pọ̀ bíráńdì kì í débẹ̀ rárá, ó sì jẹ́ ibi tó dùn jù. Ẹni a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ lọ sábẹ́ fídíò kẹ́ ẹ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ dá wọn lóhùn lórí iye ọjà kó má jẹ́ pé kíríétọ̀ ló ń bá yín ṣe kọ́sítọ́mà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó mọ iye ẹni tó wò ó, àmọ́ kò mọ iye ẹni tó rà á, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìyẹn. Ẹ lè sọ pé "àwọn tó wá láti ọ̀dọ̀ yín, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló béèrè èyí aláwọ̀ búlúù", tàbí kẹ́ ẹ ya ọ̀rọ̀ tí kọ́sítọ́mà kan kọ, kẹ́ ẹ bo orúkọ kọ́sítọ́mà náà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Á lè fi ìyẹn bá bíráńdì míì sọ̀rọ̀ lọ́la, á sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ jẹ́ kóun mọ̀.

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà. Ẹni tó mú kámẹ́rà, ẹni tó gé e, ọ̀rẹ́ tó wá ṣe bí ọlọ́pàá nínú fídíò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bi í ní orúkọ wọn, kí orúkọ wọn wà nínú nóòtì yín, tí ọjà bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ fi tiwọn kún un. Inú ẹ̀ á dùn sí ìyẹn ju tiẹ̀ lọ.

Ọjà mi ṣì kéré, mi ò lówó tí mo lè san. Ṣé mo lè fi ọjà ṣe pàṣípààrọ̀?

Ẹ lè bèèrè, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ gbangba látìbẹ̀rẹ̀: ohun tẹ́ ẹ ní, iye tó jẹ́ ní ọjà, ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Kẹ́ ẹ sì gbà tó bá sọ pé rárá, kẹ́ ẹ ṣì máa kí i. Ẹ wá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò yín, Mushin, Ebute Mẹ́ta, Òkè Arin, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gba òpópónà kan náà kọjá, ẹ bá ẹni méjì tàbí mẹ́ta péré ṣe dáadáa. Èèyàn ogún tẹ́ ẹ ò lè rántí orúkọ wọn ò wúlò fún yín.

Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, ṣé ó ṣì yẹ kó sọ fún àwọn tó ń wò ó?

Ó yẹ. Kí àwọn èèyàn mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fún un tàbí pé ẹ sanwó, Instagram ní àmì paid partnership fún un, TikTok náà ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sọ fún kíríétọ̀ pé kó fi pamọ́, orúkọ ẹ̀ lẹ fẹ́ bà jẹ́ yẹn.

Nílẹ̀ wa níbí, Advertising Regulatory Council of Nigeria tá à ń pè ní ARCON ló ń mójú tó ìpolówó, òfin tiwọn ti 2022 ló rọ́pò ti APCON, àjọ tó ń mójú tó o tẹ́lẹ̀, ìgbìmọ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Ẹ má rò pé torí ó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò kàn yín, ní October 2022 ARCON gbé ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram lọ sílé ẹjọ́ lórí ìpolówó tí wọn ò yẹ̀ wò, ₦30 bílíọ̀nù ni wọ́n béèrè. Tó bá jẹ́ oúnjẹ, ìpara tàbí oògùn lẹ ń tà, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà NAFDAC yín wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì fi hàn án kó tó bèèrè. Kíríétọ̀ ni wọ́n máa bú tí ìpara bá bó èèyàn lójú.

Kíríétọ̀ náà ní máníjà. Ṣé kí n ṣì máa kí òun fúnra ẹ̀?

Ẹ kí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó àti ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ máníjà ni. Ẹ má gba ẹ̀yìn máníjà lọ. Máníjà náà ní ọjọ́ ìbí o.

Fídíò ò lọ dáadáa, kí ni kí n ṣe?

Ẹ pè é lórí fóònù, ẹ má kọ̀wé. Ó ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó pè, ó sì ti ń dùn ún. Ẹ bi í ní ohun tóun rò pé ó fà á, ẹ sanwó ẹ̀ pé, torí iṣẹ́ ló dá owó fún, kò ṣèlérí pé ayé máa wò ó.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé gbogbo ohun tá à ń ṣe yìí ń wọ kíríétọ̀ lọ́kàn?

Tí iṣẹ́ bá fẹ́ pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, á tètè sọ fún yín dípò kó gbé fóònù pamọ́. Á sọ òótọ́ fún yín pé ike tẹ́ ẹ ń rọ ọjà sí yìí ń jò. Á fi ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ṣe fídíò hàn yín. Lọ́jọ́ kan ẹ máa rí ọjà yín lórí tábìlì ẹ̀ nínú fídíò tí kò kàn yín rárá.

Tá ò bá lè bá ara wa ṣe mọ́ ńkọ́?

Ẹ sọ fún un, ẹ má kàn dákẹ́. Ẹ san èyí tó bá kù, ẹ sọ ohun tó ṣe dáadáa fún un, tẹ́ ẹ bá mọ ẹlòmíì tó ń wá irú iṣẹ́ ẹ̀, ẹ so wọ́n pọ̀. Kẹ́ ẹ sì wo àdéhùn yín dáadáa lórí iye oṣù tẹ́ ẹ lè fi lo ojú ẹ̀: tó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta lẹ jọ sọ, tó bá ti pé, ẹ yọ fídíò kúrò nínú ìpolówó tẹ́ ẹ ń sanwó sí, ẹ já bánà tí fọ́tò ẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà, kẹ́ ẹ wá fi WhatsApp sọ fún un pé ẹ ti já a.